Róòmù Kò Jìnnà sí Tunis, Ìwé Ló Jìnnà

Ọ̀rọ̀ jíọ́gíráfì ni mo mú wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti ìdánwò o.

Ẹ ṣí átíláàsì yín, kí ẹ wo Òkun Mẹditaréníà. Láti pápákọ̀ òfuurufú Tunis ní Tùnísíà dé ti Fiumicino ní Róòmù, nǹkan bíi 600 kìlómítà ni. Ó kàn fi díẹ̀ gùn ju Èkó sí Àbújá lọ ni. Tí bàálù bá ti wà lókè, ó máa ń sá tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí a bá ṣírò ọ̀hún, ìṣẹ́jú 45 ló yẹ kó gbà. Àmọ́ bàálù máa ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra, á gòkè díẹ̀díẹ̀, á tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Prẹ́ẹ̀pù alaalẹ́ wa gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Lórí òkun yìí kan náà, èèyàn ń kú. Àjọ IOM ti ka èèyàn tó lé ní 25,000 tó kú tàbí tó sọnù níbẹ̀ láti ọdún 2014. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Kó tó dìgbà náà, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 2013, ọkọ̀ kan ṣoṣo rì lẹ́bàá erékùṣù Lampedusa, èèyàn tó lé ní 360 ló bá a lọ. Ti Ítálì ni Lampedusa, àmọ́ ó sún mọ́ Tùnísíà ju bó ṣe sún mọ́ Sísílì lọ.

Èrò tèmi ni pé kìlómítà nìkan kò tó láti fi mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Fún ẹni tó ní físà, wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní lè lo ọjọ́ lórí omi, kó má sì débẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà kan ń gbéni dé ọjà, òmíràn ń gbéni sínú omi.

Àwọn kan á ní, "Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ojúkòkòrò ni." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tan àwọn ọ̀dọ́ ò ní sọ fún wọn pé ọ̀nà le. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ibẹ̀ yẹn náà ni, kò jìnnà." Lórí máàpù, òótọ́ ló sọ! Ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ọ̀hún sá pamọ́ sí, torí máàpù ò fi ìgbì hàn, kò sì fi físà hàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní ká fi rúlà wọn ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká máa kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: kìlómítà mélòó, wákàtí mélòó, àti ìwé wo ló ń múni kọjá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé Yúróòpù ò jìnnà, ẹ bi í pé: nínú bàálù ni, àbí nínú ọkọ̀ onírọ́bà?