Ẹ Jẹ́ Ká Yé Pe Ara Wa ní Dálémosú

 

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Lóṣù tó kọjá, àwọn méjì nínú wa ń jà nítorí oníbàárà. Ni ọ̀kan bá ké sí èkejì pé, "Dálémosú, lọ wá ọkọ fẹ́!" Gbogbo ìsọ̀ ló gbọ́. Látìgbà náà, ìyá ọ̀hún ò wá sípàdé mọ́.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tó ń dá gbé, àpọ́n là ń pè é, a ó rẹ́rìn-ín, ó parí. Obìnrin ńkọ́? Bó bá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, ó di dálémosú. Bó bá darúgbó sínú yàrá kan ṣoṣo, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Èyí kì í ṣe eré o: abala 210 nínú ìwé òfin Criminal Code ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pe èèyàn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sì lè tẹ̀ lé e.

Ta ló mọ ohun tójú obìnrin rí kó tó kẹ́rù jáde? Òun náà ń dá àjọ, ó ń sanwó ẹgbẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

A bẹ̀ yín, ẹni tó ń ta ata, Ìyá Aláta lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ọjọ́sí, kó lọ bẹ ìyá náà nílé kí ìpàdé tó dé. Àwa náà á bá a lọ, torí ẹnu tiwa náà ti sọ ọ́ rí.

Akọ̀wé ẹgbẹ́