Kí Fóònù Mọ̀nà, Kó Má Ṣòfófó

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn oníròyìn Motherboard tú àṣírí kan tó yẹ kí ìlú ààfáà bíi Ìwó fetí sí dáadáa. Muslim Pro, áàpù tó ń sọ àkókò ìrun àti ibi tí kíbúlà wà fún ọ̀kẹ́ àìmọye Mùsùlùmí káàkiri ayé, ń fi ibi tí àwọn tó ń lò ó wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ X-Mode. X-Mode ní tirẹ̀ ń ta irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ológun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Nígbà tí ariwo sọ, Muslim Pro ní àwọn ti já okùn àjọṣe náà. Ó di oṣù kìíní ọdún 2024 kí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, tó fi òfin de X-Mode pé kò gbọdọ̀ ta ìsọfúnni tó ń fi hàn pé ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé ìjọsìn mọ́. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ ìgbà tí àsùbáà yóò wọlé ni wọ́n ti ń ta ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jà.

Bẹ́ẹ̀ fóònù kò nílò dátà, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì pàápàá, kó tó mọ ibi tó wà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tó ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè ló ń sọ̀rọ̀; fóònù kàn ń gbọ́ wọn bí rédíò ṣe ń gbọ́ OSBC láti Òṣogbo ni. Tó bá ti gbọ́ mẹ́rin nínú wọn dáadáa, yóò ṣírò ibi tó wà fúnra rẹ̀. Kò dá wọn lóhùn. Tí áàpù kan bá wá ń kó ibi tí ẹ wà lọ sí òkè òkun lójoojúmọ́, ẹ má gbà pé dandan ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ṣe é ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó wà níbẹ̀.

Àwọn áàpù kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ wọ́n ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gbangba, débi pé ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè tú u wò, kó sì ké gbàjarè tó bá rí ohun tí kò dáa. OsmAnd jẹ́ ọ̀kan, láti ọdún 2010. Organic Maps náà wà, ìtàn tirẹ̀ sì dùn mọ́ mi. Wọ́n ta MAPS.ME, máàpù kan tó gbajúmọ̀, fún olówó mìíràn ní 2020. Àwọn kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ fáyé tẹ́lẹ̀, wọ́n fi kọ́ Organic Maps. Ní 2025, ìjà ìṣàkóso tún wọ inú Organic Maps fúnra rẹ̀, àwọn kan sì yapa láti dá CoMaps sílẹ̀. Ìjà ni o, àmọ́ èmi fara mọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀: olówó kankan kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ìlú.

Nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀, ẹ gbé máàpù Nàìjíríà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí Wi-Fi bá wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè gba Lálúpọn bọ̀ wá sí Ìwó láti Ìbàdàn, tàbí kí ẹ forí lé Èjìgbò, láìná kọ́bọ̀ dátà. Láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

N kò ní purọ́ fún yín: àwọn áàpù wọ̀nyí kì í sọ ibi tí gosiló wà, wọn kò sì mọ ọ̀pọ̀ agbo ilé wa. Àlejò tó ń bọ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ lè tẹ “Ìwó” kí máàpù darí rẹ̀ sí Ìwó Road n'Ìbàdàn. Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Inú OpenStreetMap, èyí tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004, ni gbogbo wọn ti ń mú máàpù, ará ìlú ló sì ń kún un. Nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone ní 2014, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni láti òkèèrè ló ya ọ̀nà àti abúlé ibẹ̀ sínú rẹ̀ fún àwọn dókítà. Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bowen àti ti Federal College of Education kò lè ṣe ti Ìwó? Ọjà Odò Orí, ilé ìwòsàn, afárá, orúkọ àdúgbò: ẹ fi wọ́n sí i. Ẹ má fi orúkọ ẹni tó ń gbé inú ilé kan sí i.

Ẹnì kan yẹ kó mọ ibi tí ẹ wà tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò, pàápàá lásìkò ajínigbé yìí. Àmọ́ ẹ yàn án fúnra yín. Live location orí WhatsApp máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ ó pẹ́ jù. Ẹni tó ní kórópe mélòó kan lè fi Traccar, tó jẹ́ iṣẹ́ àṣísílẹ̀ náà, ṣọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kó sọ fún awakọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ṣì mọ òpó tí fóònù yín so mọ́ o, áàpù kankan kò lè fi yín pamọ́ fún wọn.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Location, ẹ wo gbogbo áàpù tí ẹ gbà láyè. Kí ni áàpù tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ibi tí ẹ wà ṣe? Ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, ẹ má fún un ju ìgbà tí ẹ bá ń lò ó lọ. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 náà gbà pé ẹ lè gba àṣẹ tí ẹ ti fún ilé-iṣẹ́ padà nígbàkígbà. Áàpù tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má fi sórí fóònù. Play Store tàbí F-Droid, ibi tí wọ́n ń kó àwọn áàpù àṣísílẹ̀ sí, ni kẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ ṣe é lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì bá ìyá yín tí kò kàwé ṣe tiwọn náà.