Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Yóò Dúró Ni Kó Gbéra

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ìsinmi ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ kí olúkúlùkù tó di ẹrù rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí owó lítà kan sì kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà tó fò kọjá 480 náírà láàrin ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ láti Minna sí ilẹ̀ Yorùbá ti di ohun tí ọmọ iléèwé ń rò kí ó tó sùn. Nítorí náà ni àwọn kan nínú wa tí wọ́n ní alùpùpù ṣe ń sọ pé àwọn yóò dá gùn ún relé.

Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ wa súre fún wọn. Àwọn mìíràn ní kí ẹgbẹ́ kà á léèwọ̀. Èrò tiwa nìyí: kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbéra títí yóò fi lè dárúkọ gbogbo ibi tí yóò ti dúró, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní ètò ju "n óò tètè dé" lọ, kò tíì ní ètò kankan.

Àwọn tó ń takò ó ní òwe lẹ́nu. Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. A gbọ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Bí ẹni méjì bá jọ ń lọ, tí ọ̀kan ṣubú, èkejì yóò gbé e dìde. Bí táyà ọ̀kan bá jò, èkejì yóò lọ pe fọkanáísà wá. Ẹni tó ń dá lọ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí náà ètò rẹ̀ ni yóò fi ṣe ẹnìkejì.

Kí ló dé tí a kò kúkú ní kí gbogbo wa máa wọ bọ́ọ̀sì? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa, òde ni wọ́n bí wa sí. Minna, Kontagora àti Suleja ni a ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí a bá ń relé, inú ọkọ̀ ni a máa ń sùn sí, ìgbà tí a bá lajú ni wọ́n á ní a ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. A kò mọ ibi tí ìkíni àwọn Tápà ti parí, tí "ẹ kú ìrìn" ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gun alùpùpù ni yóò rí Odò Ọya ní Jẹ́bà kedere, tí yóò ra omi ní Bódé Sààdú, tí olómi yóò sì fi Yorùbá dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó yẹ kí a dá lẹ́bi pé ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn tó ti ṣe ohun tó ju èyí lọ náà wà. Lọ́dún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó nítorí àtilé àrùn rọpárọsẹ̀ kúrò láyé. Lọ́dún 2024, obìnrin kan, Ebaide Udoh, dá gun tirẹ̀ láti Mombasa ní Kenya dé Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi orúkọ àwọn méjèèjì jà, pé ta ni Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹni tó ti London wá? Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọjọ́ 41 ni ìrìn Adéyanjú gbà. Ọjọ́ 41 túmọ̀ sí pé ó ń dúró, ó ń sùn, ilẹ̀ ń mọ́, ó tún ń gbéra. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n àwọn oru tí wọ́n fi dúró ló gbé wọn dé ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Láti Minna, a ó gba Bida, Mokwa, Jẹ́bà àti Ìlọrin dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni. Bí a bá ro kòtò, ìdádúró àwọn ọlọ́pàá àti ìsinmi mọ́ ọn, ká ní kìlómítà 40 ni alùpùpù ń rìn ní wákàtí kan. Wákàtí 10 nìyẹn. Lóṣù Kejìlá, ojúmọ́ kò tó wákàtí 12 lọ́dọ̀ wa. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ibẹ̀ náà sì ni táyà tó jò, ṣéènì tó já àti ẹ̀yìn tó ń ro ni yóò ti gba tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan parí rẹ̀ ti ṣètò láti wà lójú ọ̀nà lóru, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ méjì ni kí ó gbà. Láti Minna dé Jẹ́bà jẹ́ nǹkan bí 240 kìlómítà, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó bá gbéra ní aago méje àárọ̀ lè dé Jẹ́bà ní aago kan tàbí méjì ọ̀sán, bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lọ́nà, ojúmọ́ ṣì wà nílẹ̀ láti tún un ṣe. Kí ó dúró ní Bida, kí ó ra epo, kí ó na ẹsẹ̀. Kí ó dúró ní Mokwa, kí ó jẹun. Kí ó sùn ní Jẹ́bà, nílé ẹni tó ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, tó sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ìyókù ọ̀nà jẹ́ nǹkan bí 160 kìlómítà. Òfin kan ni kí ó dè mọ́ra: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ bá a lójú ọ̀nà.

Àsìkò náà tún ṣe pàtàkì. Ẹ kò ní gbàgbé omíyalé Mokwa, tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí ó pa ju 150 ènìyàn lọ. Ọ̀nà kan náà ni a ń sọ yìí. Ìgbà òjò kì í ṣe ìgbà tí ẹni tí kò rìn ín rí yóò dá a rìn. Ìgbà ọyẹ́ dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀nà láàárọ̀, kí ó dúró dìgbà tí yóò lè rí iwájú dáadáa, nítorí tírélà kò ní rí i.

Ní ti àwọn ajínigbé, a kò ní fi ọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n sọ. Ojú ọ̀nà lónìí kò rí bíi ti àwọn bàbá wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí yóò gbéra, kí ó lọ sí gáréèjì, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ti ọ̀nà náà dé lánàá. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, kí ó gbé alùpùpù rẹ̀ padà sílé. Bí ó bá sì ti dé Bida kí ó tó gbọ́ ìròyìn burúkú, ohun kan náà ni. Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a máa ṣeé padà sí, kò sì sí ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ wa tó gbọdọ̀ fi ẹni tó padà ṣe yẹ̀yẹ́.

Alùpùpù ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó di ẹrù tó fẹ́ gbé sẹ́yìn rẹ̀, kí ó gùn ún dé Bida, kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ iye kìlómítà tí lítà epo kan ń gbé e. Bí lítà kan bá gbé e ní 40 kìlómítà, lítà 10 ni yóò gbé e délé, kò sì nídìí tí yóò fi so kéègì epo mọ́ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ náà ni yóò ti mọ̀ bóyá ẹrù rẹ̀ ń fì. Kí ó mú túùbù kan, púlọ́ọ̀gì kan, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan àti sípánà dání, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ jókòó ti mẹkáníìkì títí yóò fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ wọn. Kí ìwé alùpùpù, làísẹ́ǹsì àti káàdì iléèwé má jìnnà sí i.

Akoto wá ńkọ́? Nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto ní oṣù Kìíní ọdún 2009, igbá ni àwọn kan dé sórí láti fi tan òfin. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà yìí náà, àwọn kan ń gbé akoto kọ́ ọwọ́ títí wọn yóò fi rí ẹ̀ṣọ́. Orí ni a ń dé e fún, kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ṣí ìwé kan sí ọ́fíìsì akọ̀wé. Kí ẹni tó bá fẹ́ dá rìn kọ ọjọ́ tí yóò lọ síbẹ̀, ibi tí yóò dúró, aago tí yóò débẹ̀, àti nọ́ńbà ẹni mẹ́ta: ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, onílé tí yóò sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé. Kí ó máa tẹ akọ̀wé láago níbi tó bá ti dúró. Bí wákàtí méjì bá kọjá lórí aago tó dá, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé kan àti bírò kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe èyí, ẹni tó ń dá lọ kò dá wà mọ́.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń nu alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀, bí o bá lè dáhùn ìbéèrè ibi tí o ó ti dúró, máa lọ. Bí o kò bá lè dáhùn, wọ bọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, kí o sì la ojú rẹ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí o máa ka àwọn ìlú náà sórí dè ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.