Ọmọ Kábéèjì Tí Ó Ga Jù Kọ́ Ni Ó Dára Jù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ tà ní Gadumo àti ní gbogbo agbègbè Lọ́kọ́jà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ kí ẹ tó gbé ọkọ́ lẹ́yìn òjò ọdún. Bí kábéèjì bá kọ̀ tí kò dì, ẹlòmíràn a máa di ẹ̀bi ru ẹni tí ó ta irúgbìn fún un, ẹlòmíràn a sì wí pé ilẹ̀ ti ṣá. Irúgbìn lè burú lóòótọ́, ilẹ̀ sì lè ṣá. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ọjọ́ tí a lọ́ ọmọ kábéèjì, èyíinì ni ọjọ́ tí a hú u láti orí ebè ìtọ́jú tí a sì tún un gbìn sí àárín ọgbà, ni a sábà máa ń pàdánù èrè rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ń fa àdánù náà: àkókò tí kò bá a mu, ọmọ irúgbìn tí ó ti gbó jù, àti ìkánjú.

Etíkun ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí òtútù wà, ni kábéèjì ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣe dáadáa ní òkè Jos, tí ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000 ju ìtẹ́jú òkun lọ. Etí omi ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 300, ooru ibẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń wí pé kí a fi kábéèjì sílẹ̀ fún àwọn ará òkè Jos. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Oríṣi kábéèjì tí ó lè fara da ooru wà, bí èyí tí wọ́n ń pè ní KK Cross, tí àwọn ará Japan mú jáde. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, tí ẹ sì gbìn ín kí ọyẹ́ lè bá a nínú ọgbà, yóò dì. Àmọ́ ọyẹ́ kì í pẹ́. Àwọn àgbà sì wí pé ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí a ka oṣù padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹta ọdún, ooru ti mú ganrínganrín. Kábéèjì gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú ọgbà kí ó tó di ìgbà náà. Láti ọjọ́ tí a lọ́ ọ títí di ìkórè tó nǹkan bí ọjọ́ 70 sí 90. Nítorí náà, àárín oṣù kọkànlá ni ó yẹ kí a lọ́ ọ, a sì gbọ́dọ̀ ti gbin irúgbìn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà, nítorí pé oṣù kẹwàá ni odò máa ń kún. Ẹ kò gbàgbé ọdún 2012 àti ọdún 2022, nígbà tí omi bo ọ̀nà ńlá tí ó gba Lọ́kọ́jà lọ sí Àbújá. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ó ń dúró kí omi fà kí ó tó gbin irúgbìn rárá, ti pàdánù oṣù kan nínú ọyẹ́, kò sì sí bí yóò ti rí i gbà padà.

Ṣùgbọ́n ebè ìtọ́jú kò nílò ilẹ̀ etí odò. Ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní ìsùn lọ ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ irúgbìn. Ẹ ṣe é sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó ga, tàbí kí ẹ da ilẹ̀ rere sínú àpótí tàbí abọ́ ńlá tí ẹ ti lu ihò sí nídìí. Nígbà tí omi bá fi máa fà, tí ẹ bá ti kọ ebè, tí ẹ sì ti po ìgbẹ́ adìẹ tí ó jẹrà dáadáa mọ́ ọn, ọmọ irúgbìn yín yóò ti máa dúró dè yín.

Wàyí o, irú ọmọ wo ni kí a lọ́? Ní ọjà, ẹni tí ó fẹ́ rà á máa na ọwọ́ sí èyí tí ó ga jù. Àṣìṣe gbáà ni. Èyí tí ó ga tí ó sì tín-ín-rín, ìfúnpọ̀ àti òjìji ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó sì ti lo ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ebè ìtọ́jú, gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, ìdàgbàsókè rẹ̀ sì ti dúró. Bí ó bá dì nígbẹ̀yìn, orí rẹ̀ yóò kéré. Ọmọ tí ó tọ́ láti lọ́ ni èyí tí ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, tí ó ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, tí ó ga tó ínǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà, tí igi rẹ̀ kì, tí ó sì dúró ṣánṣán. Ẹ wo àárín rẹ̀: èyí tí kò ní ọ̀mùnú kò ní dì láéláé. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà, nítorí abẹ́ ewé ni ìdin àfòpiná máa ń sá sí. Bí ẹ bá sì rí i tí etí ewé pọ́n bí ṣóńṣó ọfà tí ó kọjú sí àárín ewé, àmì àìsàn ni. Ẹ má ṣe gbé e wọ inú ọgbà.

Ohun kejì ni pé kí a má ṣe kẹ́ ọmọ irúgbìn jù. Bí ó bá ku ọjọ́ méje sí mẹ́wàá kí a lọ́ ọ, ẹ máa ká ìbòjì orí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dín omi rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí ó rọ. Nígbà tí a bá hú ọmọ irúgbìn, púpọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mu omi máa ń já, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò dẹ́kun fífa omi láti ara ewé rẹ̀. Èyí tí oòrùn ti mọ̀ lára yóò fara dà á. Èyí tí kò kúrò lábẹ́ ìbòjì rí yóò kú lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ bomi rin ebè ìtọ́jú dáadáa, kí ẹ sì fi ọkọ́ kékeré gbé ọmọ náà pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ má ṣe fà á tu. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbìn ín títí dé ìsàlẹ̀ ewé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ má ṣe bo ọ̀mùnú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Bí ẹ bá fa ewé kan, ó yẹ kí ewé náà já kí igi tó tu. Kí àlàfo àárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ti ọmọ kan sí èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Ẹ má sì gbìn ín sí ibi tí kábéèjì wà ní ọdún méjì tí ó kọjá.

Lórí iye tí ẹ óò gbìn, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ka omi yín kí ẹ tó ka irúgbìn. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30 ní òró àti 30 ní ìbú gba nǹkan bí 300 ọmọ kábéèjì. Bí ẹ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní omi agolo mílíìkì méjì, ìyẹn tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹni tí ó lọ́ 1,000 yóò ru kẹ́ẹ̀gì tí ó tó mẹ́tàlá. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìfami tàbí ọmọ tí yóò ràn yín lọ́wọ́, ẹ lọ́ 300 péré, kí ẹ sì tọ́jú wọn. Ọ̀ọ́dúnrún tí ó dì sàn ju ẹgbẹ̀rún tí ó gbẹ lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó ń ra ewé gbígbẹ.

Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà kí ẹ ká a kúrò. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí ebè ìtọ́jú láti fi dí àlàfo èyí tí ó bá kú, kí ẹ sì ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lórí ebè ìtọ́jú, bí ó ti wù kí ó ga tó, ẹ sè é jẹ bí ẹ̀fọ́. Ẹ má ṣe tún un gbìn.