Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ohun Tí A Kọ́ Sílẹ̀

Ní wọ́ọ̀dù, òfin kan wà tí gbogbo wa mọ̀: ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì kò bá kọ sílẹ̀, a ò gbà pé ó ṣe é. Kí ló dé tí a kì í lo òfin yìí fún ẹ̀kọ́ tiwa? Tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí, sàtífíkétì la máa ń kó sínú fáìlì, ó tán.

Lójú tèmi, sàtífíkétì kàn ń sọ pé a wà níbẹ̀ ni. Ní Bìrìtéènì, láti ọdún 2016, nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ tún ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ àjọ NMC gbọ́dọ̀ fi wákàtí 35 kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún mẹ́ta, kó sì kọ àkọsílẹ̀ 5: kí ló kọ́, kí ló sì yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè kejì yìí ni mo fara mọ́ jù.

Àwọn kan máa ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta ti tó: ọjọ́ àti wákàtí, ohun tí a kọ́, ohun tí a máa ṣe yàtọ̀ fún aláìsàn. Ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ká tó gba láísẹ́ǹsì.