Ìsoríkọ́: Ohun tí Ìwádìí àwọn Oníṣègùn Ìbàdàn Ń Sọ fún Ìjọ

Nígbà tí abiyamọ bá sọ̀ láyọ̀, tí ìjọ sì ti bá a ṣe ìsọmọlórúkọ tán, ọmọ ni gbogbo wa máa ń béèrè. A kì í sábà béèrè ìyá. Bí ó bá ní òun kò rí oorun sùn, a ó ní ọmọ ni kò jẹ́. Bí ó bá ń sunkún nígbà ìsìn, a ó ní Ẹ̀mí ni ó bà lé e. Nínú ìjọ kan tí a mọ̀, odindi oṣù mẹ́rin ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ fi ń jókòó sórí àga ẹ̀yìn, tí ó ń rù, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ìyá àgbà kan tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi í pé kí ni ó ń ṣe é. Ìsoríkọ́ ni àìsàn náà. Nítorí irú rẹ̀ ni a fi fẹ́ kí àwọn ará àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run mọ ohun tí àwọn oníṣègùn ti wádìí láàárín àwa fúnra wa.

Àwọn òyìnbó kan ti sọ rí pé aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìsoríkọ́. Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ J. C. Carothers kọ ọ́ sínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tí ó di olórí ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, bá Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ àwọn abúlé Yorùbá tí ó yí Abẹ́òkúta ká láti lọ fojú ara wọn rí i. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ará abúlé kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹkún, àìrí oorun sùn, àìlèjẹun, ìrònú tí kò dáwọ́ dúró, kí ohun gbogbo sú ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì gbó. Títí di òní, ẹni tí ó sorí kọ́ nínú wa yóò ní orí òun ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn òun lórí, tàbí pé àyà òun ń já. Àlùfáà tí ó bá ń retí kí aláìsàn sọ pé “mo sorí kọ́” yóò pẹ́ kí ó tó gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ńlá lórí àwọn àgbàlagbà ní Nàìjíríà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé nǹkan bí 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ní ìsoríkọ́ líle rí láyé wọn. Nínú ìjọ tí ó ní àgbàlagbà 1,000, ènìyàn bí 31 nìyẹn. Ní tiwa, a fura pé iye náà kéré sí òtítọ́, nítorí kì í rọrùn fún ará wa láti jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí fún àlejò tí ó mú ìwé àti kálámù lọ́wọ́.

Ta ni yóò wá tọ́jú wọn? Àwọn oníṣègùn ọpọlọ kò tó nǹkan rárá, púpọ̀ nínú wọn sì ti kọjá sí òkè òkun. Ìdí nìyí tí ìwádìí tí ikọ̀ Gureje tẹ̀ jáde ní 2019 fi yẹ ní kíkà. Àwọn aláìsàn 1,178 ni ó kópa, ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lásán, tí kì í ṣe dókítà, ni wọ́n kọ́ láti bá aláìsàn jókòó, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wá ọ̀nà tí ó lè gbà yanjú èyí tí agbára rẹ̀ ká. Bí ara kò bá yá, a ó fi ìtọ́jú kún un. Dókítà sì wà tí wọ́n lè pè. Apá kejì àwọn ilé ìwòsàn náà kò ṣe tó bẹ́ẹ̀: wọ́n kàn kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ìlò ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni.

Lẹ́yìn ọdún kan, 76 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kìíní ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Ní apá kejì, 77 ni.

Ẹlòmíràn lè ní asán ni làálàá náà, nígbà tí apá méjèèjì dọ́gba. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́: kò sí apá kẹta tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú, nítorí náà a kò lè ka gbogbo ìmúláradá yẹn sí ìtọ́jú lọ́rùn, ìsoríkọ́ mìíràn a máa lọ fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ohun tí a lè dì mú ni pé òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà, bí a bá kọ́ ọ láti dá àìsàn náà mọ̀ kí ó sì kà á sí àìsàn, lè tọ́jú rẹ̀ títí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi yá, láìjẹ́ pé ètò ńlá wà nídìí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn aláboyún. Ní ilé ìtọ́jú aláboyún 29 ní Ìbàdàn, ikọ̀ kan náà tọ́jú obìnrin 686 tí ìsoríkọ́ mú nígbà oyún. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ara àwọn tí a fún ní ìtọ́jú tí ó jinlẹ̀ ni ara wọn ti yá, àti 66 nínú ọgọ́rùn-ún ara àwọn yòókù. Àwọn tí tiwọn le jù ni ìtọ́jú tí ó jinlẹ̀ ṣe láǹfààní jù. Ní Sìmbábúè pẹ̀lú, àwọn ìyá àgbà ni Dókítà Dixon Chibanda kọ́ láti máa gbọ́ ẹjọ́ ọkàn àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn. Èsì ìwádìí tiwọn, tí ó jáde ní 2016, dára gan-an. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa kò ha lè ṣe irú iṣẹ́ yìí bí?

Wọ́n lè ṣe é, bí a bá kọ́ wọn. Ìwà wa kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹun mọ́ ni a ń pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ méje fún. Nígbà tí wòlíì Èlíjà jókòó lábẹ́ igi juniperi tí ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú, áńgẹ́lì kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àkàrà àti omi ni ó gbé wá fún un, ó sì jẹ́ kí ó tún sùn.

Ìwádìí mìíràn kan àwa onílé àdúrà gan-an. Ní Nàìjíríà àti Gánà, ikọ̀ Gureje mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kí wọ́n lè jọ tọ́jú ènìyàn 307. Kì í ṣe ìsoríkọ́ ni ó ń ṣe àwọn yìí, bí kò ṣe irú àrùn ọpọlọ tí ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020: ara àwọn tí a jọ tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn yòókù lọ. Wọn kò lé aládùúrà jáde. Ó ń gbàdúrà, nọ́ọ̀sì ń fún ni lóògùn, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó kù láti ayé ìjọba òyìnbó ní Nàìjíríà. Ilé àdúrà tí ó bá ṣì ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn, kí ó lọ kà á.

Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni àkókò ẹ̀rí. Ará kan yóò dìde pé òun ti da oògùn òun nù, ìjọ yóò pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn tí ó jókòó lẹ́yìn yóò sì délé lọ da tirẹ̀ nù. Oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ènìyàn tó mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó bá sì dá a dúró lójijì, àìsàn náà lè padà, nígbà mìíràn pẹ̀lú èrò ikú. Kí olùṣọ́-àgùntàn má ṣe bẹ̀rù láti béèrè tààrà bóyá ẹnì kan ń ronú láti pa ara rẹ̀. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ kò rí i pé ìbéèrè náà ni ó ń gbin èrò yẹn síni lọ́kàn.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí ṣì ń lọ sí ilé ìwòsàn lóṣooṣù. Ìyá àgbà yẹn ni ó máa ń bá a gbé ọmọ dání.