Roy Keane: òótọ́ ló sọ ní Saipan

Lọ́dún 2002, nígbà tí Ife Àgbáyé kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé Roy Keane, balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ireland, wálé láti erékùṣù Saipan. Pápá ìgbáradì wọn le bí àpáta, ẹrù wọn ò tètè dé. Ó sọ ọ́. Òun àti Mick McCarthy, olùkọ́ wọn, forí gbárí. Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwa ò gbà. Ní Turin lọ́dún 1999, ó gba káàdì tí kò ní jẹ́ kó gbá àṣekágbá, síbẹ̀ ó sáré títí Manchester United fi na Juventus 3-2. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn? A ò gbè é lẹ́yìn lórí èébú tó bu McCarthy lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwọn aláṣẹ tó kó wọn lọ sórí irú pápá bẹ́ẹ̀ ló ṣáájú. Pẹnáritì ni Sípéènì fi lé Ireland dànù, Keane ò sì sí níbẹ̀.